Bí A Ṣe Ń Pín Àṣíborí Ọmọ Ogun Róòmù Sí Ìsọ̀rí: Ìpàkọ́ Ni Kí Ẹ Kọ́kọ́ Wò

Bí èèyàn bá dúró níwájú àṣíborí ọmọ ogun Róòmù nínú gíláàsì ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé, iwájú rẹ̀ ló máa ń wò. Á wo ibi tí ojú máa ń wà, á wo ọ̀ṣọ́ tó wà lára rẹ̀, á ya fọ́tò, á kọjá. Èmi náà ṣe bẹ́ẹ̀ fún ìgbà pípẹ́. Àṣíborí àkọ́kọ́ tí mo gbìyànjú láti dárúkọ, kókó tó wà lórí rẹ̀ ni mo rí tí mo fi pè é ní irú tí wọ́n ń pè ní Montefortino. Ìgbà tí mo yí lọ sẹ́yìn gíláàsì ni mo tó rí i pé idẹ pẹlẹbẹ tó bo ìpàkọ́ rẹ̀ fẹ̀ bí àtẹ́lẹwọ́. Mo padà síwájú, mo wá rí ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí wọ́n kàn mọ́ iwájú orí. Kì í ṣe Montefortino rárá, irú mìíràn tó ń jẹ́ Coolus ni. Láti ọjọ́ náà, ẹ̀yìn ni mo máa ń kọ́kọ́ lọ.

Àwọn àgbà ní ìpàkọ́ kì í gbọ́ ṣùtì. Òótọ́ ni, ṣùtì kò lè pa ìpàkọ́ lára, ṣùgbọ́n idà lè pa á. Ìdí nìyẹn tí àwọn alágbẹ̀dẹ tó ń rọ àṣíborí fún Róòmù fi ń tún ẹ̀yìn rẹ̀ ṣe láti ìran dé ìran. Ẹni tó bá lè ka ìpàkọ́ àṣíborí ti mọ ìdajì ọ̀rọ̀ náà. Bí mo ṣe ń kà á ni mo fẹ́ fi hàn yín ní ìgbésẹ̀-ìgbésẹ̀, kí ẹ lè dá a ṣe fúnra yín, ìbáà jẹ́ níwájú gíláàsì tàbí lórí fọ́tò tí àwọn ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé gbé sórí íntánẹ́ẹ̀tì.

Ibi tí àwọn orúkọ náà ti wá

Àwọn ará Róòmù kò mọ orúkọ tí à ń pe àwọn àṣíborí yìí lónìí. Cassis tàbí galea ni wọ́n ń pè é ní èdè Látìnì. Àwọn onímọ̀ ìgbà tiwa ló fi orúkọ ibi tí wọ́n ti hú wọn jáde pè wọ́n. Ibi ìsìnkú kan ní agbègbè Marche ní Ítálì ni Montefortino. Coolus wà ní agbègbè Marne ní ilẹ̀ Faransé. Àdúgbò kan ní ìlú Mainz ní Jámánì ni Weisenau. Ní 1975, H. Russell Robinson, tó ń tọ́jú ohun ìjà àtijọ́ ní Tower of London, tẹ ìpínsísọ̀rí tirẹ̀ jáde. Ó pín wọn sí Montefortino, Coolus, Agen, Port, Imperial Gallic, Imperial Italic, ti àwọn ẹlẹ́ṣin àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ, ó sì fi lẹ́tà A, B, C sí abẹ́ ọ̀pọ̀ nínú wọn. Tirẹ̀ ni ọ̀pọ̀ àwọn tó ń fi èdè Gẹ̀ẹ́sì kọ̀wé ṣì ń lò. Àwọn ará Jámánì àti àwọn tó wà nítòsí wọn ní tiwọn: Buggenum, Hagenau, Weisenau, Niederbieber. Ẹ ó bá méjèèjì pàdé, nígbà mìíràn lórí àkọlé kan ṣoṣo.

A mọ irú ọ̀rọ̀ yìí dáadáa nínú fìlà tiwa. Abetí-ajá ni abetí-ajá, yálà àrán ni wọ́n fi rán an tàbí òfì, yálà wọ́n ṣiṣẹ́ sí i lára tàbí wọn kò ṣe. Etí méjì tó yọ yẹn ni a fi mọ̀ ọ́n. Bákan náà ni àṣíborí: èyí tí wọ́n fi irin rọ àti èyí tí wọ́n fi idẹ rọ lè jẹ́ irú kan náà. Bí wọ́n ṣe gé e àti bí wọ́n ṣe tò ó pọ̀ ni kí ẹ máa wò. Ohun tí wọ́n fi ṣe é àti ọ̀ṣọ́ ara rẹ̀ yóò tẹ̀ lé e.

Kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀

Ẹ wá fọ́tò mẹ́rin tàbí kí ẹ fọwọ́ ya àwòrán mẹ́rin: iwájú, ẹ̀gbẹ́, ẹ̀yìn, òkè. Bí ẹ bá lè rí inú rẹ̀, ó dára jù bẹ́ẹ̀ lọ, torí inú ni ojú òòlù àti ìdí ìṣó ti máa ń hàn kedere. Fọ́tò tí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ wá láti ẹ̀gbẹ́ ṣe pàtàkì ju èyí tí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ wá láti iwájú, nítorí òjìji ló ń jẹ́ ká rí ìlà tí wọ́n lù jáde àti lẹ́tà tí wọ́n fi ṣóńṣó irin tẹ̀ sára rẹ̀.

Àwọn orúkọ tí màá máa lò nìyí. Ibi tó bo àtàrí ni mò ń pè ní igbá, torí bí igbá tí wọ́n dà délẹ̀ ló rí. Ohun pẹlẹbẹ tó yọ sẹ́yìn ni ààbò ìpàkọ́. Méjì tó sọ̀ kalẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú ni ààbò ẹ̀rẹ̀kẹ́. Ọ̀pá tí wọ́n fi dábùú òkè ojú ni ọ̀pá iwájú. Ìyẹ́ tàbí irun ẹṣin tí wọ́n gbé dúró lókè, màá pè é ní ogbe, bíi ti orí àkùkọ.

Ìgbésẹ̀ kìíní: Ẹyọ kan ni igbá náà, àbí wọ́n so ó pọ̀?

Ẹ wò ó láti òkè. Bí igbá náà bá jẹ́ ẹyọ kan tí wọ́n lù jáde látinú irin tàbí idẹ kan ṣoṣo, ẹ wà ní àárín ọ̀rúndún kẹrin ṣáájú ìbí Krístì sí ọ̀rúndún kẹta lẹ́yìn rẹ̀. Ẹ lọ sí ìgbésẹ̀ kejì.

Bí ẹ bá rí i pé ìdajì ọ̀tún àti ìdajì òsì ni, tí wọ́n fi irin gígùn kan so wọ́n pọ̀ láti iwájú orí lọ dé ìpàkọ́ bí òrùlé tí wọ́n fi páànù bo ṣóńṣó rẹ̀, iṣẹ́ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parí. Àṣíborí ìgbà ìkẹyìn nìyẹn, láti ìparí ọ̀rúndún kẹta lọ sókè. Ọ̀nà tí àwọn ará Páṣíà ìgbà Sasania ń gbà ṣe tiwọn ni ọ̀pọ̀ onímọ̀ gbà pé Róòmù ti kọ́ ọ. Ó yára ṣe, kò sì gba ọwọ́ àgbà alágbẹ̀dẹ tó lè lu odindi igbá jáde láìya, èyí tó bá ìjọba tó ti kó iṣẹ́ ohun ìjà sínú ilé iṣẹ́ tirẹ̀ mu gan-an.

Abẹ́ irú yìí ni ẹ ti máa yà á sọ́tọ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i. Bí igbá bá jẹ́ ìdajì méjì lásán, tí ààbò ìpàkọ́ rẹ̀ kéré, tí kò sí ohun tó bo imú, irú Intercisa ni. Orúkọ ibùdó ọmọ ogun kan, níbi tí ìlú Dunaújváros wà ní Hungary lónìí, ni wọ́n fi pè é. Bí wọ́n bá fi ọ̀já irin yí ìdí igbá náà ká, tí irin kan sọ̀ kalẹ̀ bo imú, tí ààbò ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ tóbi tó bo etí, irú Berkasovo ni, láti ara méjì tí wọ́n rí ní Berkasovo ní Serbia ní 1955. Ọ̀kan tó jọ wọ́n ni wọ́n rí ní 1910 nínú ilẹ̀ àbàtà nítòsí Deurne ní Netherlands, tó wà ní ìlú Leiden báyìí. Irin inú rẹ̀ ti jẹrà tán. Awọ fàdákà tí wọ́n fi wúrà bò ló kù, pẹ̀lú orúkọ ẹgbẹ́ ẹlẹ́ṣin Stablesiana tí wọ́n kọ sára rẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe rí wúrà kí ẹ sọ pé ti ọba ni. Ẹgbẹ́ ọmọ ogun ló wà lára rẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kejì: Ìpàkọ́

Ẹ yí lọ sẹ́yìn. Ohun mẹ́ta ni kí ẹ béèrè: báwo ló ṣe fẹ̀ tó, apá ibo ló kọjú sí, ṣé ìlà wà lórí ìpàkọ́ igbá náà?

Bí ó bá kéré, bí ahọ́n tó yọ díẹ̀, tó jẹ́ pé ara igbá kan náà ni wọ́n fà á jáde, ọkàn yín lè lọ sí Montefortino. Ẹ wá gbójú sókè wo kókó orí rẹ̀. Kókó Montefortino kì í ṣe ohun tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ọn. Òun àti igbá jọ wá látinú idẹ kan ni, ihò sì máa ń wà nínú rẹ̀ tí wọ́n ń ki ìdí ogbe bọ̀. Igbá rẹ̀ ga díẹ̀, ó ṣe bí ẹyin tí wọ́n gé sí méjì. Etí ìsàlẹ̀ igbá rẹ̀ máa ń ní ọ̀ṣọ́ tó dà bí okùn lílọ́. Kò sí ọ̀pá iwájú. Àwọn ọmọ Kẹ́lítì ni Róòmù ti rí i, wọ́n sì lò ó fún ohun tó ju 300 ọdún lọ. Polybius, òpìtàn ará Gíríìkì tó kọ̀wé ní ọ̀rúndún kejì ṣáájú ìbí Krístì, sọ pé àwọn ọmọ ogun ẹlẹ́sẹ̀ ń fi ìyẹ́ mẹ́ta, elésè àlùkò tàbí dúdú, sórí àṣíborí wọn, tí gígùn rẹ̀ tó ìgbọ̀nwọ́ kan. Ó fi kún un pé ó ń jẹ́ kí ọkùnrin ga ju bó ṣe ga lọ lójú ọ̀tá.

Bí ààbò ìpàkọ́ bá fẹ̀, tó tẹ́ pẹrẹsẹ bí àwo, tí igbá rẹ̀ sì rí rìbìtì bí ìdajì bọ́ọ̀lù, Coolus ni ẹ ń wò. Hagenau ni ọ̀pọ̀ ará Jámánì ń pe èyí tó wọ́pọ̀ jù nínú wọn. Àwọn tó kọ́kọ́ jáde, nígbà tí Julius Caesar, ọ̀gágun Róòmù, ń ja ilẹ̀ Gaul (Faransé àti àyíká rẹ̀ lónìí) láàárín 58 sí 50 ṣáájú ìbí Krístì, kò ní ọ̀pá iwájú, ọ̀pọ̀ wọn kò sì ní kókó. Àwọn tó tẹ̀ lé wọn ní méjèèjì, ṣùgbọ́n wọ́n ṣe kókó náà lọ́tọ̀ kí wọ́n tó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn. Kókó yìí ló tàn mí jẹ nígbà náà. Ẹ wo ìdí rẹ̀ dáadáa: bí ẹ bá rí ààlà láàárín òun àti igbá, ọwọ́ mìíràn ló gbé e síbẹ̀.

Bí ẹ bá wá rí ìlà tó yọ gàlègàlè lórí ìpàkọ́ igbá, méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, tí ààbò ìpàkọ́ sì sọ̀ kalẹ̀ kó tó yọ síta, ìdílé mìíràn ni ẹ ti wọ̀. Ìdílé Weisenau nìyí, èyí tí Robinson pín sí Imperial Gallic àti Imperial Italic. Àwọn ìlà yẹn kì í ṣe ọ̀ṣọ́ lásán. Irin tí wọ́n lù jáde ní ìlà kì í tètè wọlé bí wọ́n bá lù ú, gẹ́gẹ́ bí páànù òrùlé oníkọ̀rọ̀-kọ̀rọ̀ ṣe le ju páànù pẹlẹbẹ lọ.

Bí ó bá sì sọ̀ kalẹ̀ jìn bí ẹni pé ó fẹ́ kan èjìká, tí kò yọ síta púpọ̀, ẹ fura sí ẹlẹ́ṣin. Ìdí rẹ̀ kò ṣòro. Ẹni tó bá já bọ́ láti orí ẹṣin tó fi ẹ̀yìn lélẹ̀, pẹpẹ gbọọrọ tó yọ sẹ́yìn lè ṣẹ́ ọrùn rẹ̀. Ẹ má ṣe tíì kọ ọ́ sílẹ̀, ẹ dúró títí a ó fi dé orí etí.

Ìgbésẹ̀ kẹta: Iwájú orí

Ẹ tó padà síwájú báyìí. Ohun méjì lẹ ń wá: ọ̀pá iwájú àti irun ìpéǹpéjú.

Ọ̀pá iwájú jẹ́ irin tàbí idẹ tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n fi ìṣó kàn lẹ́gbẹ̀ẹ́ méjèèjì. Iṣẹ́ rẹ̀ ni pé kí idà tó bá já lu orí láti òkè má lè ṣẹ́rí sójú. Bí kò bá sí, ẹ wo ihò ìṣó lẹ́gbẹ̀ẹ́ igbá. Ihò òfìfo méjì tó kọjú síra níwájú sábà máa ń sọ pé ó ti wà níbẹ̀ rí.

Irun ìpéǹpéjú ni ohun tí mo fẹ́ràn jù nínú gbogbo iṣẹ́ yìí. Àwọn alágbẹ̀dẹ ilẹ̀ Gaul bẹ̀rẹ̀ sí í lu àwòrán ìpéǹpéjú jáde níwájú àṣíborí onírin wọn ní ọ̀rúndún kìíní ṣáájú ìbí Krístì. Robinson pe irú yẹn ní Port, láti ibì kan ní Switzerland. Lára irú Port yìí náà ni ìlà méjì ti wà lórí ìpàkọ́. Nígbà tí Gaul bọ́ sábẹ́ Róòmù, alágbẹ̀dẹ kò yí padà, oníbàárà ló yí padà. Ẹ ó rí ìpéǹpéjú yẹn kan náà lórí àṣíborí ọmọ ogun légíónì, ẹgbẹ́ ọmọ ogun ńlá Róòmù, ní 100 ọdún lẹ́yìn náà, tó ti di ìlà títẹ̀ méjì, nígbà mìíràn pẹ̀lú ìlà kéékèèké bí irun tàbí bí ìyẹ́ ẹyẹ. Ọwọ́ àwọn tí wọ́n ṣẹ́gun ló ṣì wà lórí àwọn tó ṣẹ́gun wọn.

Nínú ìdílé Weisenau, níbi tí ẹ bá ti rí ìpéǹpéjú, ẹ kọ Imperial Gallic sílẹ̀. Bí kò bá sí ìpéǹpéjú, tí ìyókù bá bára mu, ẹ kọ Imperial Italic, kí ẹ sì fi àmì ìbéèrè sí i. Màá sọ ìdí àmì ìbéèrè náà láìpẹ́.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: Etí

Ẹ wò ó láti ẹ̀gbẹ́. Ọmọ ogun ẹlẹ́sẹ̀ gbọ́dọ̀ gbọ́ àṣẹ àti ìró fèrè, nítorí náà wọ́n gé igbá rẹ̀ kúrò lórí etí. Nínú ìdílé Weisenau, àfi àwọn àkọ́kọ́ bíi mélòó kan, irin kékeré kan tó tẹ̀ bí etí máa ń yọ síta lókè ibẹ̀ láti dáàbò bò ó. Etí náà ń gbọ́rọ̀, idà kò sì tètè bà á.

Ti ẹlẹ́ṣin yàtọ̀. Ààbò ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ fẹ̀ bo etí pátápátá, wọ́n sì máa ń lu àwòrán etí sí ojú irin náà gan-an. Igbá rẹ̀ lè jẹ́ irin tí wọ́n fi awọ idẹ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bò, tí wọ́n sì lu awọ náà bí irun orí tó ń lọ́ra. Èyí tí wọ́n rí ní Witcham Gravel ní Cambridgeshire, tó wà ní British Museum, jẹ́ ọ̀kan tó dára fún ìdánrawò. Ẹ wo bí ẹ̀yìn rẹ̀ ṣe rí, kí ẹ wá fi wé ti Coolus tó bá wà nítòsí.

Ìṣòro kan wà níbí tí mi ò ní fi pamọ́ fún yín. Nígbà tó fi máa di ìparí ọ̀rúndún kejì, àwọn àṣíborí kan jáde tó bo gbogbo orí, tó sọ̀ kalẹ̀ dé èjìká, tí iwájú rẹ̀ ní ṣóńṣó bí àtẹ́rígbà, tí ojú nìkan ló ṣí sílẹ̀. Irú Niederbieber ni wọ́n ń pè é, láti ibùdó ọmọ ogun kan ní Jámánì. Robinson kà á sí ti ẹlẹ́ṣin. Àwọn mìíràn lẹ́yìn rẹ̀ sọ pé ẹlẹ́sẹ̀ náà dé e. Ní tèmi, mo máa ń kọ Niederbieber nìkan, mi ò sì ń dárúkọ ẹni tó dé e àfi bí orúkọ ẹgbẹ́ rẹ̀ bá wà lára rẹ̀.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: Ohun tí wọ́n fi kún un

Lẹ́yìn tí ẹ ti mọ ìdílé rẹ̀ ni kí ẹ tó wo ohun tó wà lórí rẹ̀. Èyí tó ṣe pàtàkì jù ni irin méjì tí wọ́n fi dábùú ara wọn lórí àtàrí bí àgbélébùú. Ìtumọ̀ tó gbajúmọ̀ ni ogun tí Trajan, olú ọba Róòmù, bá àwọn ará Dacia (Romania lónìí) jà, 101 sí 102 àti 105 sí 106. Àwọn ọ̀tá náà ní idà tó tẹ̀ bí dòjé, tí wọ́n ń fi ọwọ́ méjèèjì gbá lulẹ̀ láti òkè. Lára àwọn àṣíborí kan, irin àgbélébùú náà gba orí ìpéǹpéjú tàbí orí ibi tí wọ́n ń ki ogbe bọ̀ kọjá. Ìyẹn ni pé àṣíborí ti wà kí wọ́n tó kàn án mọ́ ọn. Lára àwọn tó tẹ̀ lé e, wọ́n ti gbèrò rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ìyàtọ̀ yìí lè sọ fún yín bóyá àṣíborí náà ti wà kí wọ́n tó ronú kan irin náà.

Ẹ jẹ́ ká wo ọ̀kan dáadáa, èyí tí wọ́n rí nínú ihò àpáta kan ní agbègbè Hébrónì, tó wà ní Israel Museum ní Jerúsálẹ́mù. Irin ni igbá rẹ̀, ẹyọ kan. Ìpàkọ́ rẹ̀ ní ìlà, ààbò ìpàkọ́ rẹ̀ fẹ̀. Kò ní ìpéǹpéjú. Idẹ méjì ló dábùú ara wọn lórí rẹ̀, nínú igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tí wọ́n dá sílẹ̀ sì ni wọ́n kan àwòrán oṣù tó ṣẹ̀ṣẹ̀ lé sí, ọ̀kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lú idẹ. Robinson pè é ní Imperial Italic G. Àwọn onímọ̀ so ó mọ́ ọ̀tẹ̀ tí Bar Kokhba, aṣáájú àwọn Júù, dì sí Róòmù láàárín 132 sí 135. Bí a bá fi oṣù rẹ̀ ṣe ìdí ìsọ̀rí, a ó kó o sí àyè ọ̀tọ̀ lóun nìkan. Bí a bá fi igbá àti ìpàkọ́ ṣe ìdí, á bá àwọn ẹbí rẹ̀ jókòó.

Ogbe kì í sọ irú àṣíborí, ipò ẹni tó dé e ló ń sọ. Lára òkúta ibojì Titus Calidius Severus, balógun ọgọ́rùn-ún kan, tí wọ́n rí ní Carnuntum ní Austria, ogbe àṣíborí rẹ̀ dábùú láti etí sí etí. Àmì balógun ọgọ́rùn-ún ni. Ẹ kọ ọ́ sí apá ibi tí ẹ ti ń sọ nípa ẹni náà.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: Bí ojú èèyàn bá wà lára rẹ̀

Àṣíborí tó ní ojú, imú àti ẹnu tí wọ́n fi idẹ tàbí irin ṣe wà lọ́tọ̀. Ìmúra eré ẹlẹ́ṣin ni púpọ̀ nínú wọn, irú èyí tí òǹkọ̀wé Arrian ṣàpèjúwe ní nǹkan bí 136. Wọ́n rí ti Ribchester ní 1796 ní àríwá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ọkùnrin kan tó ń fi ẹ̀rọ wá irin nínú ilẹ̀ ló rí ti Crosby Garrett ní Cumbria ní 2010, wọ́n sì tà á lọ́dún náà gan-an ní ohun tó ju mílíọ̀nù méjì pọ́n-ùn lọ. Ṣùgbọ́n ẹ má ṣe kọ “eré” sílẹ̀ fún gbogbo wọn. Ojú onírin kan jáde ní Kalkriese ní Jámánì, ibi tí ọ̀pọ̀ onímọ̀ gbà pé àwọn ará Jámánì ti pa àwọn ọmọ ogun Varus, ọ̀gágun Róòmù, ní ọdún 9 lẹ́yìn ìbí Krístì, wọ́n sì ti ya fàdákà tó wà lójú rẹ̀ lọ. Pápá ogun kì í ṣe pápá ìṣeré.

Ìgbésẹ̀ keje: Ẹ fún un ní orúkọ, kí ẹ sì dúró níbi tí ojú yín tó

Mo ṣèlérí láti sọ ìdí tí mo fi ń fi àmì ìbéèrè sí Imperial Italic. Robinson gbà pé alágbẹ̀dẹ Gaul ló ṣe èyí tó ní ìpéǹpéjú, àti pé ilé iṣẹ́ ní Ítálì ló ṣe ìyókù. Èrò tó lẹ́wà ni. Ṣùgbọ́n ẹ wo ibi tí wọ́n ti hú wọn: ọ̀pọ̀ èyí tó pè ní ti Ítálì, etí odò Rhine ni wọ́n ti rí i, níbi kan náà tí ti Gaul wà. Ọmọ ogun ń rìn, alágbẹ̀dẹ ń tẹ̀ lé ọmọ ogun, alágbẹ̀dẹ sì máa ń wo iṣẹ́ ara wọn. Nígbà tó fi máa di ọ̀rúndún kejì, àmì ìdílé méjèèjì ti wọ inú ara wọn. Àwọn ará Jámánì kó gbogbo rẹ̀ sábẹ́ Weisenau, mo sì rò pé wọ́n ṣe ohun tó tọ́. Orúkọ náà ń sọ ohun tí a rí, kò sọ ibi tí a kò sí níbẹ̀.

Síbẹ̀ mi ò ní kí ẹ ju lẹ́tà Robinson nù. Ó wúlò láti fi bá àwọn ẹlòmíràn sọ̀rọ̀. Bí mo ṣe ń kọ ọ́ ni pé ìdílé á ṣáájú, lẹ́tà á tẹ̀ lé e: “Weisenau, Imperial Gallic G ti Robinson.” Bí ìdílé bá dá mi lójú tí lẹ́tà kò dá mi lójú, màá fi lẹ́tà sílẹ̀. Àwọn àṣíborí kan wà láàárín lẹ́tà méjì, ẹni tó bá fipá tì wọ́n sínú ọ̀kan ti ba àkọsílẹ̀ jẹ́ fún ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kẹjọ: Ọjọ́ orí rẹ̀

Ìgbà tí ẹ bá ti dárúkọ rẹ̀ tán ni kí ẹ tó ka àkọlé ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé nípa ibi àti ìgbà. Bí ẹ bá kọ́kọ́ kà á, ohun tí ẹ kà ni ojú yín máa rí.

Ẹ sì rántí pé ọdún tí wọ́n rọ ọ́ àti ọdún tó sọnù kì í ṣe ọ̀kan náà. Ní British Museum, Coolus onídẹ kan wà tí orúkọ èèyàn mẹ́rin wà lórí ààbò ìpàkọ́ rẹ̀. Wọ́n fi ṣóńṣó irin lu àmì kéékèèké láti fi kọ lẹ́tà sára idẹ náà, ọ̀kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú ọwọ́ tirẹ̀. Ó ṣeé ṣe kí ọkùnrin mẹ́rin ti dé e tẹ̀ léra wọn. Ẹnì kan fẹ̀yìn tì tàbí kú, ẹlòmíràn gbà á, ó kọ orúkọ tirẹ̀ sí ibi tó kù. Bí ẹnì kọ̀ọ̀kan bá lò ó fún ọdún díẹ̀ péré, ó ti pẹ́ kó tó bọ́ sọ́wọ́ ẹni ìkẹyìn. Nítorí náà, ìgbà tí irú rẹ̀ wọ́pọ̀ ni kí ẹ kọ fún irú, kí ẹ sì kọ ìgbà tí ilẹ̀ tí wọ́n ti hú u jáde ń sọ sí ọ̀tọ̀.

Àwọn ohun tó lè tàn yín jẹ

Àwòrán ara òkúta. Òpó Trajan ní Róòmù, tí wọ́n parí ní 113, kún fún àṣíborí, ṣùgbọ́n agbẹ́kùúta ló gbẹ́ ẹ, kì í ṣe alágbẹ̀dẹ. Ó máa ń gé ààbò ẹ̀rẹ̀kẹ́ kéré kí ojú lè hàn. Àwọn àṣíborí tó dà bíi ti àwọn ará Gíríìkì tó wà lórí òkúta àwọn ẹ̀ṣọ́ ọba kò fẹ́rẹ̀ẹ́ jáde nínú ilẹ̀ rí. Ẹ má ṣe fi òkúta pín irin sí ìsọ̀rí.

Ààbò ẹ̀rẹ̀kẹ́. Ó máa ń já kúrò, ọ̀pọ̀ igbá ni wọ́n sì rí láìní i. Bí ó bá wà níbẹ̀, ẹ wo bóyá àwọ̀ ìpata rẹ̀ àti ti igbá bára mu. Àwọn tó ń tún ohun àtijọ́ ṣe nígbà kan máa ń fi ti ọ̀kan pa òmíràn pọ̀.

Ìpata. Irin tó ti dógùn-ún máa ń wú, ó sì lè bo ìlà ìpàkọ́ tàbí kó jẹ́ kí ìpéǹpéjú dà bí ohun tí kò sí. Níbi tí ẹ bá ti rí irin tó wú, ẹ kọ “kò hàn” sílẹ̀. “Kò sí” jẹ́ ọ̀rọ̀ mìíràn.

Àfarawé. Àwọn tó ń ṣe eré ogun Róòmù lóde òní ń ra àṣíborí tuntun tó jọ ti àtijọ́ gan-an, ó sì máa ń bọ́ sọ́wọ́ oníṣòwò tó á rì í mọ́lẹ̀ kó lè dípata. Ẹ wo inú rẹ̀. Irin tí ẹ̀rọ ṣe nípọn bákan náà láti etí dé etí. Èyí tí wọ́n fi òòlù lù máa ń fẹ́lẹ́ níbi tí wọ́n ti nà án jù, kì í sì í dọ́gba.

Bí ẹ bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀ lónìí, ẹ mú ti Hébrónì yẹn, ẹ kọ ọ́ sínú ìwé yín báyìí:

Igbá: ẹyọ kan, irin. Ìpàkọ́: ìlà wà, ààbò fẹ̀, ó sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀. Iwájú: kò sí ìpéǹpéjú. Etí: ṣíṣí sílẹ̀, ẹlẹ́sẹ̀. Ohun tí wọ́n fi kún un: idẹ àgbélébùú, oṣù mẹ́rin. Ojú: kò sí. Orúkọ: Weisenau, Imperial Italic G ti Robinson. Ibi: ihò àpáta ní agbègbè Hébrónì. Ìgbà: àwọn onímọ̀ so ó mọ́ 132 sí 135.

Lẹ́yìn rẹ̀, ẹ wá èyí tí ẹnikẹ́ni kò tíì sọ orúkọ rẹ̀ fún yín, kí ẹ sì bẹ̀rẹ̀ láti ẹ̀yìn.